Ẹ̀rọ Tí Ń Sọ Ibi Tí A Wà: Èwo Ni Kí A Rà?

Láyé àtijọ́, bí a bá bi àgbẹ̀ kan ní Lálùpọn tàbí Àkànrán pé níbo ni oko rẹ̀ wà, á ní, "Ẹ gba ọ̀nà odò, bí ẹ bá dé ìdí ìrókò, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Ìyẹn tó fún ẹni tó wá láti abúlé kejì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àwọn tó ń ra kòkó ń béèrè nọ́ńbà oko.

Ní ọdún 2023 ni Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan. Ẹni tó bá fẹ́ ta kòkó lọ́jà wọn gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko náà wà hàn, kí wọ́n lè rí i pé a kò gé igbó lulẹ̀ torí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́ńbà 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 10, nọ́ńbà ojú kan ti tó fún un. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó yí ààlà rẹ̀ ká.

GPS ni ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà gbé sókè, bíi 20,000 kìlómítà sí wa, ló ń ránṣẹ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ti mẹ́rin, ó kéré tán. A kì í sanwó fún un, kò sì fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ gbọ́ ná kí ẹ tó mú owó jáde. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni ti ọkọ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, á ní kí á yà sósì tàbí sọ́tùn-ún. Ó dára fún ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí ìlú tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ló ti ń gba iná. Bí a bá gbé e wọ oko, kò ní pẹ́ kú. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko wa pàápàá kò sí nínú máàpù rẹ̀.

Èkejì ni ti àfọwọ́mú, irú eTrex tí ilé-iṣẹ́ Garmin ń ṣe. Òjò kì í tètè bà á jẹ́. Bátìrì kéékèèké méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Bí wọ́n bá kú, a ó ra òmíràn lọ́jà. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ kéré. Awakọ̀ tó bá tẹjú mọ́ ọn, kòtò ni yóò wà á sí.

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo la fẹ́ fún oko àti ọkọ̀, ti àfọwọ́mú la fara mọ́, èyí tó gba máàpù, tó sì ń tọ́jú ọ̀nà tí a rìn. Àmọ́ GPS wà nínú fóònù Android náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní i, ẹ fi í dán an wò ná kí ẹ tó náwó. Bí máàpù bá ti wà nínú rẹ̀, á ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ẹ má rà á láìgbé e jáde síta. Lábẹ́ páànù kò lè gbọ́ sátẹ́láìtì dáadáa, lábẹ́ kòkó tó ṣú náà á máa ṣìnà. Ní gbangba pàápàá, ó lè fi mítà 3 sí 5 ṣì. Mítà 5 mà tó ebè iṣu mẹ́rin tàbí márùn-ún! Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ hú pèrègún ààlà, ìjà ẹbí ló ń wá. Tó bá di ti ìwé ilẹ̀, awọnlẹ̀ tí ìjọba mọ̀ ni kí ẹ pè.

Ní agbègbè wa, láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, èkejì pẹ̀lú 3 tàbí 4. Òfin Yúróòpù fẹ́ nọ́ńbà 6 lẹ́yìn póìǹtì. Ẹ ní kí òǹtajà fi hàn yín pé ẹ̀rọ náà ń kọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń dà á kọ. Bí àwọn méjèèjì bá gba ipò ara wọn, inú òkun, ní gúúsù Bonny, ni oko yín yóò bọ́ sí.

Ìdánrawò

1. Oko kan jẹ́ hẹ́kítà 3. Ṣé kí á yí ààlà rẹ̀ ká ni, àbí nọ́ńbà ojú kan tó?

2. Ẹnì kan kọ nọ́ńbà oko rẹ̀ ní Ọ̀nà-Àrà báyìí: 4.034512, 7.281406. Ẹ tún un kọ bó ṣe yẹ.