Nígbà Tí Nǹkan Oṣù Bá Dáwọ́ Dúró: Òògùn Họ́móònù Kì í Ṣe Àjẹsára

KÍKÀ: Jẹ́nẹ́sísì 18:9-15

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí a lè mọ iṣẹ́ tí òògùn họ́móònù ń ṣe lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, àti iṣẹ́ tí kò lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ́ lónìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni àwọn ìyá wa máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì kíkà wa, gbangba ni a sọ ọ́ pé ti Sárà ti dáwọ́ dúró. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ọdún 2021, nígbà tí ẹ̀rù àrùn kòrónà ṣì ń bà wá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà, ẹni ọdún 62, gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé họ́móònù ara obìnrin ni kì í jẹ́ kí kòrónà pa obìnrin bí ó ti ń pa ọkùnrin, àti pé kí ẹni tí tirẹ̀ bá ti tán lọ rà á. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó ra oníhóró, ó sì ń lò ó lójoojúmọ́. Dókítà kankan kò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún 10 tí ó ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, a gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ ti nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀.

1. KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ LÁRA WA?

Họ́móònù dà bí ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara gbogbo. Ilé ẹyin obìnrin ni ó ń pèsè méjì tí ó ṣe pàtàkì, estrogen àti progesterone. Ní nǹkan bí ọdún 45 sí 55, ilé ẹyin a máa sinmi. Bí nǹkan oṣù kò bá wá fún oṣù 12 gbáko, tí kì í sì í ṣe oyún tàbí àìsàn ni ó fà á, ó ti dáwọ́ dúró nìyẹn.

Ooru òjijì lè máa gun àyà àti ojú, kí òógùn máa bò wá lóru, kí oorun má dùn, kí ojú ara máa gbẹ. Egungun pẹ̀lú a máa dínkù ní agbára. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lo òògùn ibà láàárín oṣù kan kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà.

2. HỌ́MÓÒNÙ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ OGUN ARA

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ọmọ ogun wà tí ń bá fáírọ́ọ̀sì jà. Àwọn kan ń ta àwọn yòókù lólobó, àwọn kan ń rọ ohun ìjà. Estrogen a máa jíṣẹ́ fún wọn, nítorí náà òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Bí a bá gún ọkùnrin àti obìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fulúù, ara obìnrin ni ó sábà máa ń rọ ohun ìjà jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kòrónà sì pa ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ gbọ́ ìdí mìíràn:

(a) Kírómósómù X méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan ni ọkùnrin ní. Orí X yìí ni a kọ ọ̀pọ̀ àṣẹ tí ń darí àwọn ọmọ ogun ara sí. Nǹkan oṣù ìbáà dúró, X méjèèjì ṣì wà.

(b) Láàárín àwọn arúgbó pàápàá, tí nǹkan oṣù àwọn obìnrin wọn ti dá tipẹ́, àwọn ọkùnrin ni kòrónà pa jù. Bí ó bá jẹ́ estrogen nìkan ni asà wa, ìyàtọ̀ yẹn ìbá ti parẹ́.

(d) Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn egungun àyà tí ó dà bí ilé-ẹ̀kọ́ fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń súnkì. Òògùn estrogen kì í tún ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kọ́.

Àwọn oníṣègùn ti gbìyànjú. Ní ọdún 2020, ní ọsibítù Cedars-Sinai ní Los Angeles, wọ́n yan nǹkan bí 40 ọkùnrin tí kòrónà ń ṣe, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní progesterone. Ara àwọn wọ̀nyí yá díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn 40 kò tó láti fi ṣòfin fún gbogbo ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi estrogen tàbí progesterone kún òògùn kòrónà.

3. ÀǸFÀÀNÍ ÀTI EWU

Òògùn họ́móònù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí òògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ fún ooru òjijì àti òógùn òru, ó sì ń ran egungun lọ́wọ́. Ewu rẹ̀ ni kí a mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá lára obìnrin 16,608, ẹni ọdún 50 sí 79, tí wọ́n ní ilé ọmọ. Apá kan lo estrogen pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2002, wọ́n dá a dúró ṣáájú àkókò. Nínú obìnrin 10,000 tí ó lò ó fún ọdún kan, jẹjẹrẹ ọyàn fi 8 lé sí i, rọpárọsẹ̀ fi 8 lé sí i. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí kíkán fi 5 dínkù. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé ewu yìí kéré fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọdún 60, tàbí kí ọdún 10 tó kọjá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró. Ọ̀rẹ́ mi ti kọjá méjèèjì.

Ẹni tí ó ṣì ní ilé ọmọ kò gbọdọ̀ máa gbé estrogen nìkan mì. Láti ọdún 1975 ni a ti mọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Òògùn kejì ni ó ń dáàbò bo ilé ọmọ. Estrogen oníhóró tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Kòrónà pẹ̀lú a máa mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ wá wò ó, ohun tí a ní kí ó pa iná lè wá di epo!

Ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn, rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀ rí, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà fún ní tirẹ̀, kí ó má torí ẹ̀kọ́ yìí dà á nù. Kí ó padà lọ bi í.

4. KÍ NI KÍ A ṢE?

(a) Ní ti fáírọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí a gbà, kí a máa fọ ọwọ́, kí a ṣí fèrèsé níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

(b) Ní ti ooru àti àìsùn tí ó ń dà wá láàmú, dókítà ni kí a lọ bá, kì í ṣe aládùúgbò.

(d) Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan péré, ọsibítù ni kí a lọ. Kí a má dúró de èkejì.

(e) Kí a kó gbogbo òògùn tí a ń lò lọ fún dókítà wò, àti àgbo pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fi hàn pé estrogen nìkan kọ́ ni ó ń dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì?
2. Èé ṣe tí ẹni tí ó ní ilé ọmọ kò fi gbọdọ̀ lo estrogen nìkan?
3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí ìtìjú má baà pa ìyá kankan mọ́lé?

Ẹni tí ó da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ara yín yóò le o. Àmín.