Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí tí wọ́n ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé wọn lóde òní. Bí ìwé kan bá pẹ́ kí ó tó ṣí lójú kọ̀ǹpútà wọn, kíá ni wọn yóò ti di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ń ta dátà fún wọn, tàbí kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà tì, kí wọ́n sì lọ ra tuntun. Wọn kì í dúró wádìí ibi tí ìdádúró náà ti ń wá. Owó a lọ, àìsàn a sì kù síbẹ̀.

Baálé ilé kan wà ní Ìbàdàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń múra ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n rà ní ọdún 2012, tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ni ó sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣí fídíò ẹ̀kọ́, àwòrán a máa lọ, a sì máa dúró, bí arúgbó tí ń gun òkè. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá náà pinnu láti fi owó ilé tí ó ti kó jọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wá bá a. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì ná owó yín. Àwọn mẹ́ta ni a lè fi ẹ̀sùn kàn: ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú ilé, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé e dé yàrá, àti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ èyí tí ó jẹ̀bi.” Bàbá náà gbà fún un.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń ka bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1. Nítorí náà, ẹni tí ó ní mẹ́gábíìtì 16 kò lè gba ju mẹ́gábáìtì 2 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọkùnrin náà ní kí gbogbo ará ilé fi fóònù wọn sílẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má baà gba fídíò wọlé lásìkò ìwọ̀n. Ó gbé fóònù kan sún mọ́ ráútà ní pálọ̀, ó rí mẹ́gábíìtì 16. Ó gbé fóònù kan náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀yìn, ó rí 7. Ó wá fi kọ̀ǹpútà náà wọ̀n ọ́n ní ibẹ̀, ó rí 2 péré. Ọ̀ràn hàn kedere. Ọ̀nà tí ó wọ inú ilé kò jẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ ti sọ ju ìdajì nù kí ó tó dé yàrá, kọ̀ǹpútà sì ti sọ púpọ̀ nínú ìyókù nù.

Ní ti afẹ́fẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé ráútà sí, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Ìgbì tí ráútà ń rán jáde a máa rẹ̀ bí ó bá ti ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá, irin a sì máa dá a padà. Oríṣi ìgbì méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 gigahertz a máa rìn jìnnà, ṣùgbọ́n kò yára tó èkejì. Ráútà àwọn aládùúgbò àti ẹ̀rọ máíkíróweefù a sì máa dí i lọ́wọ́. Èyí tí í ṣe 5 gigahertz a máa yára, ṣùgbọ́n ògiri kò pẹ́ mú un. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ púpọ̀ ni kò mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, wọ́n gbé ráútà kúrò lẹ́yìn irin, wọ́n gbé e sókè ní àárín ilé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun tì í, kí àjèjì má baà pín nínú rẹ̀. Ẹni tí ráútà rẹ̀ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù ní láti ro ti fèrèsé tí ó kọjú sí òpó náà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ọmọkùnrin náà ṣe ohun tí ó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ: ó fa wáyà láti ara ráútà dé ara kọ̀ǹpútà. Ojú ihò wáyà tí ó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gba mẹ́gábíìtì 100, ògiri kò sì lè dí wáyà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, kọ̀ǹpútà náà rí 15.

Síbẹ̀, fídíò ṣì ń dúró. Ó hàn nígbà náà pé kọ̀ǹpútà ń gba ìsọfúnni wọlé, ṣùgbọ́n kò lè tètè jẹ ẹ́. Gígábáìtì 2 ni mẹ́mórì rẹ̀. Bí mẹ́mórì bá kún, kọ̀ǹpútà a máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí àwo ìpamọ́ tí ń yí nínú rẹ̀, àwo náà kò sì yára rárá. Wọ́n dá àwọn ètò tí ń dìde fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà dúró, wọ́n yọ àwọn àfikún tí kò wúlò kúrò nínú búráúsà, ọmọbìnrin náà sì kọ́ láti má ṣí ogún ojú ewé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ra mẹ́mórì kún un, ó di gígábáìtì 4. Àwọn ètò tí ń polówó pé àwọn yóò sọ íntánẹ́ẹ̀tì di eré ìje, wọn kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan, àwọn mìíràn sì jẹ́ olè.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft dá ìtọ́jú Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, ìtọ́jú gbogbogbòò ti Windows 10 sì dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ìtọ́jú dà bí ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ da gbogbo ìwé inú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, ó sì fi Linux Mint rọ́pò Windows 7. Ọ̀fẹ́ ni, gígábáìtì 4 sì tó o.

Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ó ń bẹ nínú ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tí ó kọjá lẹ́bàá etíkun Côte d’Ivoire bàjẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì sì fà ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ ń ṣe wàhálà lásán.

Kọ̀ǹpútà ilé náà kò di tuntun. Ó ṣì ń pẹ́ kí ó tó jí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà wo fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé òpin kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, bàbá rẹ̀ sì san owó ilé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí ọmọkùnrin náà fi wọn íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi méjì?
2. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oríṣi ìgbì méjèèjì.
3. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ̀bi ṣì kù lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n fa wáyà?
4. Kọ àròkọ kúkúrú lórí òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.