Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Cape Verde

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò la fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Lẹ́yìn tí a pín àjọ tán, àwọn mẹ́ta nínú wa wá bá wa nídìí tábìlì pé àwọn fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ní Cape Verde, kí àwọn sì fojú kan ọjà ibẹ̀, torí àwọn gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà kó tó wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Àmọ́ òótọ́ kan ṣoṣo yìí náà ni ọ̀kan nínú wa gbára lé nígbà kan, tó fi kó owó àjọ ọdún kan gbáko lọ, tó sì fi gbèsè wálé. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé wa, kí ẹlòmíì má bàa ṣe irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tójú rẹ̀ rí, kí a tó máa sọ pé ẹ ṣe tibí, ẹ má ṣe tọ̀hún.

Aṣọ ló ń tà. Ó ti gbọ́ nípa ọjà kan ní Praia, olú ìlú Cape Verde, Sucupira lorúkọ ọjà náà, ó sì fẹ́ lọ wò ó bóyá àdìrẹ á rí ẹni rà á níbẹ̀. Ajẹ́ntì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un ní èyí tó ń balẹ̀ sí Sal ló dínwó jù. Ó bi í pé ṣé Cape Verde náà kọ́ ni? Ajẹ́ntì ní Cape Verde ni. Kò parọ́. Ìyá wa wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá ti balẹ̀, òun á wọ mọ́tò lọ sí Praia, bí a ṣe ń ti Sẹmẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu. Ìgbà tó dé Sal tó bi onítakisí pé èló ni dé Praia, ṣe ni ọkùnrin náà ń wò ó lójú. Òkun ló wà láàárín. Ó tó 200 kìlómítà, kò sì sí afárá, kò sí títì.

Oṣù Kejìlá ni, ìgbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó wà lókè òkun ń wálé ọdún. Ọkọ̀ òfúrufú tó ń ti erékùṣù kan lọ sí èkejì ti kún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sun òtẹ́ẹ̀lì ní Santa Maria, níbi tó jẹ́ pé owó àwọn òyìnbó tó wá lúwẹ̀ẹ́ lókun ni wọ́n fi ń díye lé nǹkan. Ìgbà tó fi máa dé Praia, ọjọ́ méjì péré ló kù fún un. Ó rí ọjà, ó tiẹ̀ rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó yẹ kó padà sí Sal kó wọ ọkọ̀ ilé, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, ọkọ̀ ò gbéra ní Praia. Èyí tó yẹ kó gbé e wálé kò dúró dè é. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló rà, owó tí ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Dakar yá a ló sì fi rà á.

Ẹ wo ibi tí àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè ló rà, kò ra ibi tó ń lọ. Cape Verde, tí àwọn tó ni ín ní kí gbogbo ayé máa pè ní Cabo Verde láti 2013, kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo. Erékùṣù 10 ni, èèyàn ń gbé lórí 9 nínú wọn, gbogbo rẹ̀ sì wà láàárín òkun, nǹkan bí 570 kìlómítà sí etíkun Senegal. Àwọn Potogí ló ń ṣàkóso wọn kí wọ́n tó gbòmìnira lọ́jọ́ 5 oṣù Keje 1975. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sà Èkó nìkan lojú ọ̀pọ̀ nínú wa tíì rí.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè kẹ́ ẹ tó bi ajẹ́ntì: kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Bó bá jẹ́ ọjà, Praia lẹ ń lọ, ní erékùṣù Santiago. Ó ní pápákọ̀ òfúrufú tirẹ̀, orúkọ Nelson Mandela ni wọ́n fi pè é. Ẹ rí i pé Praia ni wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó pe ọmọ rẹ̀ kó kà á fún un kó tó sanwó. Bó bá jẹ́ ìsinmi létí òkun, Sal tàbí Boa Vista ni. Iyọ̀ ni ìtumọ̀ Sal lédè Potogí, torí iyọ̀ ni wọ́n ń kó níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Adágún oníyọ̀ ti Pedra de Lume ṣì wà, ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á léfòó bí igbá òfìfo. Bó bá jẹ́ orin, ẹ lọ sí Mindelo ní São Vicente, ìlú Cesária Évora, olórin tí kì í wọ bàtà kọrin, tó kú ní 2011. Ọkọ̀ ojú omi ń ti Mindelo lọ sí Santo Antão láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ọkọ̀ òfúrufú kì í lọ síbẹ̀. Fogo ńkọ́? Iná ni ìtumọ̀ tirẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín kan wà níbẹ̀ tó bú ní 2014, tí ohun gbígbóná tó ń ṣàn jáde látinú rẹ̀ sì bo abúlé mọ́lẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ tún padà lọ kọ́lé síbi kan náà, wọ́n ń gbin kọfí àti àjàrà. Èèyàn le o! Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Erékùṣù kan tó, bó pọ̀ tán, méjì.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Sucupira, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà ni tiwa. Àwọn obìnrin ló gbé ọjà yẹn ró. Rabidante ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú ọ̀rọ̀ Kriolu tó túmọ̀ sí kéèyàn yí nǹkan ni orúkọ náà ti wá, àfi bí ẹni ń sọ pé ẹni tó mọ bó ṣe ń yí i. Wọn a wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Fortaleza ní Brazil, wọn a lọ sí Lisbon, wọn a lọ sí Dakar, wọn a ra aṣọ, bàtà àti nǹkan ìṣaralóge, wọn a dì í wálé wá tà. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wá? Wọ́n mọ iye ọjà ní ìlú mẹ́rin. Ìyá wa ní òun kọ́kọ́ fi èrè gọbọi lé àdìrẹ òun. Obìnrin tó na aṣọ náà wò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ iye tí wọ́n ń tà á ní Dakar fún un, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e padà fún un. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀ gidi. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó mọ iye Dakar kó tó gbéra.

Nítòsí ọjà yìí náà ni àwọn bọ́ọ̀sì Hiace ti ń kérò lọ sáwọn ìlú tó wà nínú Santiago. Bíi danfó wa ni, wọ́n máa ń dúró títí yóò fi kún. Ọjà Assomada dára láti wò, Ọjọ́rú àti Sátidé ló máa ń kún jù. Cidade Velha náà kò jìnnà, nǹkan bí 15 kìlómítà sí Praia. Ibẹ̀ làwọn Potogí ti kó ẹrú kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, òpó òkúta tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ ṣì wà ní gbangba. Ẹ lọ wò ó, bó tiẹ̀ jẹ́ wákàtí kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ló fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn kan náà ló fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti dá ẹni tí òfin ìwọ̀lú wọn kò bá gbà padà. Ẹ gbọ́ dáadáa o, ilẹ̀kùn tí wọn ò tì kì í ṣe ilẹ̀kùn tí kò ní olùṣọ́. Wọ́n á bi yín: ibo lẹ máa sùn? Ọjọ́ wo lẹ ń padà? Èló ló wà lọ́wọ́ yín? Kí ìwé òtẹ́ẹ̀lì tàbí ìwé ẹni tó fẹ́ gbà yín sílé wà lọ́wọ́, kí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wà níbẹ̀, kí owó náà sì ṣeé fi hàn. Páásípọ́ọ̀tù tó ku oṣù díẹ̀ kó kú, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Yẹ́lò káàdì náà, wọ́n á bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí wọ́n tó kà á sí, nítorí náà gbígbà á lọ́jọ́ mẹ́ta sí ìrìn àjò, òfò ni. Ẹni tó bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ó ti pé ọdún 10, kó wá gba òmíràn. Láti 2016 ni káàdì náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ má sì rà á lábẹ́ igi!

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ la fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wálé, orí erékùṣù tí ọkọ̀ yín ti ń gbéra ni kẹ́ ẹ sùn. Kì í ṣe pé ẹ máa débẹ̀ láàárọ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta tí eruku ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ àti eruku yẹn lè dá ọkọ̀ òfúrufú dúró, kó sì mú òkun ru. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àárín erékùṣù sí erékùṣù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni òjò wọn, kì í sì í pọ̀. Bó bá jẹ́ tiwa ni, oṣù Kárùn-ún tàbí oṣù Kọkànlá la máa lọ. Agogo wọn fi wákàtí méjì rẹ̀yìn sí tiwa: bí 12 bá lù nílé, 10 ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ rántí ìyẹn kẹ́ ẹ tó pe ilé lórí fóònù lóru.

Escudo ni owó wọn. Láti 1999 ni wọ́n ti so ó mọ́ euro, 110.265 escudo ni euro kan. Ìṣirò rẹ̀ ò le: 1,100 escudo jẹ́ nǹkan bí euro 10. Ẹ pààrọ̀ náírà yín sí euro nílé, ẹ má gbára lé e pé ẹ máa rí ẹni gba náírà níbẹ̀. Escudo tó bá kù lọ́wọ́, ẹ ná an tán tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹ pín owó sọ́nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ so ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: owó jíjẹ àti sísùn, owó ọjà, àti owó tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn títí ẹ fi máa wọlé yín. Ẹ̀kẹta yìí ni ìyá wa kò ní. Oúnjẹ wọ́n níbẹ̀, torí ilẹ̀ wọn gbẹ, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wá. Omi tí wọ́n ń mu pàápàá, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Cachupa ni kẹ́ ẹ máa bèèrè. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n jọ sè, ẹ máa rò pé àdàlú ni.

Ẹrù ńkọ́? Èèyàn ni àdéhùn ní kó wọlé láìgba físà, kò sọ pé kí ẹrù ọjà wọlé láìsanwó bodè. Ẹ mú aṣọ díẹ̀ lọ fi hàn, kẹ́ ẹ gba àdírẹ́sì oníbàárà. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Ìbáà jẹ́ ẹja gbígbẹ, ìbáà jẹ́ ọmọ pásítọ̀ tàbí ìyàwó àlùfáà ló ní kẹ́ ẹ bá òun gbé e. Àwọn erékùṣù yìí wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó oògùn olóró láti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù, ojú àwọn aṣọ́bodè sì le. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ò fẹ́ gbọ́ pé ṣe la ṣàánú ẹnì kan.

Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ níbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní oṣù Kíní 2024. Àmọ́ ẹ̀fọn tó ń gbé dengue wà, ó jà níbẹ̀ gan-an ní 2009, ẹ fi òróró tó ń lé ẹ̀fọn para. Ihò iná wọn róbótó, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, ṣájà wa kì í wọ ọ́. Potogí àti Kriolu ni wọ́n ń sọ. Ẹ kọ́ Bon dia fún ẹ káàárọ̀, Obrigada fún ẹ ṣeun, àti Kantu? fún èló ni. Ìkẹta yìí, a mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé.

Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ wá bá wa, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì yín wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀ fún ajẹ́ntì. Ìyá tó ni ìtàn yìí á wà níbẹ̀. Òun náà tún ń lọ ní oṣù Kọkànlá. Ó ti mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá fún wa ká bá a kà á, a sì rí i pé Praia ni wọ́n kọ síbẹ̀, àlọ àti àbọ̀.