Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ẸRÙ ELÉWU, IṢẸ́ TÍ A Ń KỌ́ NI, KÌ Í ṢE IṢẸ́ ÌGBOYÀ

  

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí àwọn ọjà tó lè pani lára: èyí tó ń gbiná, èyí tó ń bú gbàmù, èyí tó ń jó ara, àti èyí tó jẹ́ májèlé. Ẹrù eléwu ni a ó máa pè wọ́n. Ìdí méjì ni a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Èkíní, ojoojúmọ́ là ń tà wọ́n tí a sì ń rà wọ́n. Èkejì, títọ́jú wọn ti di iṣẹ́ tí ọmọ wa lè kọ́, kó sì fi jẹun. Ohun tí a fẹ́ kó yé wa ni pé ìmọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń sọ pé, "Ó pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ mú un, kò ṣe mí ní nǹkan kan," kò tíì kọ́ ọ.

1. ÈWO NI ẸRÙ ELÉWU?

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) pín ẹrù eléwu sí ọ̀nà 9. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó wà lọ́jà wa. Báńgà ọdún Kérésì wà ní ọ̀nà 1, àwọn ohun tó ń bú. Gáàsì ìdáná wà ní ọ̀nà 2. Pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti tínà àwọn ọlọ́dà wà ní ọ̀nà 3. Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò wà ní ọ̀nà 4. Bí omi bá kàn án, gáàsì tó ń gbiná ló máa tú jáde. Oògùn kòkòrò wà ní ọ̀nà 6. Kọ́sítíìkì sódà tí a fi ń se ọṣẹ àti ásíìdì bátìrì wà ní ọ̀nà 8, àwọn tó ń jẹ ẹran ara.

Ẹrù kọ̀ọ̀kan tún ní nọ́ńbà tirẹ̀. Pẹtiróòlù ni 1203, kẹrosíìnì ni 1223, kọ́sítíìkì sódà ni 1823. Ara pátákó aláwọ̀ ọsàn tó wà lára táńkà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Bí èdè tilẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà kì í yàtọ̀. Panápaná tó bá rí 1203 lókèèrè ti mọ̀ pé kì í ṣe omi lásán ni òun ó dà sí i, fóòmù ni.

2. OHUN TÍ ÀÌMỌ̀ ÀTI IRỌ́ TI FÀ

Láàárín 1987 sí 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí eléwu láti Ítálì wá sí Koko, ìlú èbúté tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Àgbàlá ẹnì kan ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù náà sí, owó tí wọ́n ń san fún ilẹ̀ náà ò ju bí 100 dọ́là lóṣù. Orúkọ tí wọ́n fi kó ẹrù náà wọlé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú ní 1988, ìjọba ní kí wọ́n kó o padà. Ọdún yẹn náà ni òfin jáde pé ẹni tó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé yóò ṣẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀. Láti 2007, NESREA ló gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ńkọ́? Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí pé oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi oògùn lé kòkòrò, ni oògùn bá lé oníbàárà. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré, 100 ml sísàlẹ̀, ní ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, ohun kan bú gbàmù ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀mí lọ, ilé wó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Aládùúgbò ò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri òun.

3. KÍ NI WỌ́N Ń KỌ́ NÍNÚ IṢẸ́ YÌÍ?

(a) Orúkọ ẹrù. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ bí a ṣe ń ka àmì tó wà lára ike àti páálí: iná, agbárí òkú, ọwọ́ tí ásíìdì ń jẹ. Ẹrù tí kò lórúkọ lára, ẹnikẹ́ni kì í gbé e.
(b) Ohun tí kì í gbé pọ̀. Bílíìsì ìfọṣọ àti ásíìdì ìfọṣalángá, bí a bá pò wọ́n, èéfín tó lè pani ló ń jáde.
(d) Aṣọ iṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ tó wà fún epo lè má wà fún ásíìdì. Aṣọ tí a fi ń bo imú nítorí eruku kò lè dá èéfín májèlé dúró.
(e) Bí ẹrù bá dà sílẹ̀: ta ni kó kọ́kọ́ sá, ibo ni kó dúró sí, kí ni a fi ń gbá a, ibo ni a ó kó o sí.
(ẹ) Ìwé. Ẹni tó kó ẹrù, ẹni tó gbé e, ẹni tó gbà á, gbogbo wọn á buwọ́ lù ú.

4. Ọ̀NÀ WO NI ỌMỌ WA LÈ GBÀ?

Ọmọ tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ sá fún Kẹ́mísírì, Báyọ́lọ́jì, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera, kó di wolé-wolé. Ẹ má fojú kékeré wo wolé-wolé o. Iṣẹ́ wọn ti kọjá yíyẹ ìkòkò omi wò. Ó lè lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìlera àyíká, tàbí kó wọ iṣẹ́ panápaná. Ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ lè ṣe ìdánwò NEBOSH ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kó darapọ̀ mọ́ ISPON, ẹgbẹ́ àwọn amòye ààbò ní Nàìjíríà. Ilé epo, ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ilé ìwòsàn àti èbúté ọkọ̀, gbogbo wọn ló ń wá irú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ máa kó ìdọ̀tí eléwu gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 40, kó tún fi ọjọ́ 3 ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kó sì máa padà gba ẹ̀kọ́ wákàtí 8 lọ́dọọdún. Ẹni tó bá wá ní kí ẹ kówó wá, pé ọmọ yín á gboyè lọ́sàn-án kan, olè ni.

5. ÀWA ŃKỌ́, NÍ ÌSỌ̀ WA?

Ẹ jọ̀ọ́, ká má bu kẹrosíìnì, òtàpíàpíà tàbí omi kọ́sítíìkì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi mọ́. Ọmọdé ò lè kàwé, ìgò ló mọ̀.

Ẹ̀yin alọ́ṣẹ, sódà là ń rọra dà sínú omi. Ká má da omi lé sódà lórí. Ẹ má lo ìkòkò sílífà, sódà á jẹ ẹ́. Bó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i láìdáwọ́dúró fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsíbítù.

Bí ọmọ bá gbé kẹrosíìnì tàbí sódà mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì kì í lọ́fun kó lè bì. Bó bá ṣe ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, bẹ́ẹ̀ náà ló tún ń jó o, kẹrosíìnì sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà ọjà yìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ
1. Ẹrù eléwu mélòó ló wà ní ìsọ̀ yín? Ǹjẹ́ orúkọ wà lára gbogbo wọn?
2. Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fún ọmọ tó mu kẹrosíìnì ní epo pupa?
3. Ta ni nínú àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn Kẹ́mísírì? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Ọjà á tà o.