Orí Kẹsàn-án: Kíkó Ímeèlì Dànù Lọ́pọ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Ẹ ṣí Gmail yín kí ẹ tó máa kàwé lọ. Ẹ wo Inbox, ibi tí gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé ń kó jọ sí, kí ẹ sì máa fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀. Ẹ má tíì ka ohun tí wọ́n kọ; orúkọ àwọn tó kọ ọ́ nìkan ni kí ẹ máa wò. Kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rí i pé orúkọ kan náà ló ń yọjú ṣáá. Báńkì kọ̀wé pé owó wọlé, pé owó jáde, pé ẹ kú ọjọ́ ìbí, pé ẹ wá yá owó. Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ra ife kan ṣoṣo lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì jẹ́ kí ẹ sinmi. Facebook ń ròyìn pé lágbájá gbé fọ́tò síta. Àwọn tó ń polówó iṣẹ́ ń kọ̀wé lójoojúmọ́ sí ẹni tó ti ríṣẹ́ tipẹ́. Lẹ́tà lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kí àwọn tó ń kọ ọ́ má ju ogún lọ.

Nítorí náà, ẹni tó ń kọ lẹ́tà la óò máa wá ní orí yìí. Tí a bá ti mú un, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ á bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa lẹ́tà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pa ogún, á sú wọn, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọgbọ̀n mìíràn á ti wọlé. Ta ló ń fọwọ́ ṣa kóró nínú èlùbọ́ nígbà tí ajọ̀ wà nílé? Ajọ̀ ti Gmail ni àpótí ìwákiri tó wà lókè, níbi tí ẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ náà Search.

Kọ̀ǹpútà ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Lórí fóònù, tí ẹ bá tẹ àwòrán róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó kọ̀wé, Select all á yọ lókè, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba lẹ́tà díẹ̀ ló ń mú lẹ́ẹ̀kan. Ó tó fún ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó wá kọ̀ǹpútà lò, kódà kó jẹ́ ti káfẹ̀. Kó sáà rí i pé òun jáde kúrò nínú Gmail òun kó tó dìde, kó má sì gbà kí kọ̀ǹpútà káfẹ̀ bá a tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká fi Facebook ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló rọrùn jù láti fi kọ́ṣẹ́. Nínú àpótí ìwákiri, ẹ kọ from:facebookmail.com, kí ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Enter. Lẹ́tà tó wá láti ọ̀dọ̀ Facebook nìkan ló máa jáde. Tó bá jẹ́ èyí tó ti lé lọ́dún kan nìkan lẹ fẹ́ kó, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ kọ older_than:1y tẹ̀lé e. Lẹ́tà y yẹn dúró fún ọdún. M ni ti oṣù, d ni ti ọjọ́. Fún ẹlòmíràn, ẹ ṣí lẹ́tà rẹ̀ kan, kí ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, kí ẹ sì kọ ọ́ tẹ̀lé from: bákan náà.

Lókè lápá òsì, àpótí kékeré kan wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo lẹ́tà tó wà lójú ewé náà á gba àmì. 50 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rò pé gbogbo rẹ̀ làwọn ti mú, wọ́n á pa á rẹ́, 50 mìíràn á sì rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní Gmail kò gbọ́ràn. Ẹ fara balẹ̀ wo òkè àwọn lẹ́tà náà. Ìlà kan á ti yọ níbẹ̀ tó kà báyìí: Select all conversations that match this search. Ìlà yìí gan-an ni irinṣẹ́ náà. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá tẹ àwòrán agolo ìdọ̀tí. Gmail á béèrè bóyá ó dá yín lójú.

Ṣé ó dá yín lójú lóòótọ́? Àdírẹ́sì tí báńkì fi ń kí yín kú ọdún lè jẹ́ ọ̀kan náà tó fi ń fi àkọsílẹ̀ owó yín ránṣẹ́, èyí tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá físà. Ní tèmi, mi ò ní kó ti báńkì, ti ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ ìyókù láé. Àmì ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún èyí tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù, kí ẹ wá fi -is:starred kún ohun tí ẹ ń wá. Ìlà kékeré tó ṣáájú yẹn ń sọ fún Gmail pé kó yọ irú èyí sílẹ̀. Bákan náà, tí ẹ bá kọ -statement, lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀ kò ní jáde. Ẹ tún kíyè sí i pé Gmail máa ń so lẹ́tà àti èsì rẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá ju ìdìpọ̀ náà nù, tẹni tó kọ ọ́ àti tiyín ló jọ lọ.

Ohun tí ẹ jù nù kò tíì kúrò nílé. Inú Trash ló lọ, ó sì máa wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30 tí ẹ lè fi gbé e padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ nìyẹn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tó gbé wọn dé ìdí iṣẹ́ yìí ni pé Google kọ̀wé sí wọn pé ààyè wọn ti ń kún. Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Nígbà tí Gmail bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004, GB 1 ló fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Hotmail, ímeèlì mìíràn, ń fúnni ní MB 2 péré; àwọn mìíràn tiẹ̀ rò pé ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ náà ni. Lónìí, GB 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ lẹ́tà nìkan kọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Fáìlì Google Drive wà níbẹ̀. Fọ́tò tí Google Photos ti ń tọ́jú láti oṣù kẹfà ọdún 2021 wà níbẹ̀. Ní ọdún 2024, ẹ̀dà WhatsApp tí fóònù Android ń kó pa mọ́ sọ́dọ̀ Google náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Lẹ́tà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kò wúwo rárá. Ẹ lè kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún rẹ̀ dànù kí ààyè yín má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nígbà tí fídíò ìgbéyàwó méjì péré á ti gba ibi tó pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó ń wá ààyè, larger:10M ni kó kọ, kí lẹ́tà tó gbé ẹrù tó ju MB 10 lọ lè jáde. Kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó jù ú nù, kó sì lọ tẹ Empty Trash now nínú Trash, torí ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ń gba ààyè. Kó má sì gbàgbé WhatsApp. Tí ààyè bá kún tán, lẹ́tà tuntun kò ní wọlé mọ́, ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n á dá a padà fún. Ẹni tó ń retí ìwé ìgbaniwọlé ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó débẹ̀.

Àwọn tó ń lo Outlook dípò Gmail ní bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ Sweep. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí lẹ́tà kan, ó lè kó gbogbo lẹ́tà ẹni náà, tàbí kó fi èyí tó dé kẹ́yìn nìkan sílẹ̀.

Ó tún yẹ kí a dí orísun àwọn lẹ́tà náà. Kí ẹ tó kó lẹ́tà ẹnì kan dànù, ẹ kọ́kọ́ ṣí ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ẹ tẹ Unsubscribe lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kó lè ṣíwọ́ kíkọ. Láti ọdún 2024 ni òfin Google àti Yahoo ti ń ṣiṣẹ́ pé àwọn tó ń fi lẹ́tà ìpolówó tó pọ̀ gan-an ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èèyàn lè jáde pẹ̀lú títẹ ẹyọ bọ́tìnì kan. Èyí wà fún ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Lẹ́tà gbájúẹ̀, irú èyí tó ní ẹ ti jẹ tẹ́tẹ́ tí ẹ kò ta, ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ ó kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ń lo àdírẹ́sì náà. Report spam ni tirẹ̀.

Ẹ óò tún rí àwọn ilé iṣẹ́ tó ní àwọn á bá yín gbá Inbox yín lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ bá ṣáà ti fún wọn láyè láti wọ inú rẹ̀. Ẹ ronú kí ẹ tó gbà. Unroll.me, tó ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà yọ orúkọ wọn kúrò lọ́wọ́ àwọn apolówó, ló wọ ìròyìn ní ọdún 2017, nígbà tó hàn pé ilé iṣẹ́ tó ni ín ń kó ohun tó rí nínú rìsíìtì àwọn oníbàárà tà. Uber wà lára àwọn tó rà á, kó lè mọ bí ọjà Lyft, tí wọ́n jọ ń figa gbága, ṣe ń lọ. Ní ọdún 2019, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, FTC, fẹ̀sùn kan Unroll.me pé ó tan àwọn èèyàn jẹ lórí bó ṣe ń lo lẹ́tà wọn. Gbogbo ohun tí a kọ́ ní orí yìí ni ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì ka lẹ́tà yín.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo nínú Inbox yín, ẹni tí ẹ kò ka lẹ́tà rẹ̀ láti bí ọdún kan. Ẹ da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ sínú ìwé yín. Ẹ wá gbogbo lẹ́tà rẹ̀ jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀kan wà tó yẹ kó kù, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ sí i. Ẹ tẹ Unsubscribe, lẹ́yìn náà ẹ kó ìyókù dànù. Ẹ kọ iye lẹ́tà tó lọ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.