Ọnà Ìlú Kì í Ṣe Ọ̀nà Ìlú

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣàpẹẹrẹ. Ó ti gboyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ó wá ń kàwé gboyè kejì nínú ẹ̀kọ́ tó dá lórí bí ìlú ṣe yẹ kó rí. Iṣẹ́ ìwádìí gbé e dé apá Òkè Mápó n'Ìbàdàn. Ó kí bàbá àgbà kan tán, ó ní, “Bàbá, ẹni mélòó ló ń gbé ilé yín?” Bàbá fèsì pé, “Ta ló lè ka ìyẹn?” Ọmọ náà rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ ni kò gún.

Létí ọmọ agbo-ilé, “ilé wa” kó gbogbo ọmọ bàbá ńlá kan náà pọ̀, àti ẹni tó ń sùn níbẹ̀ àti ẹni tó ti fi Èkó ṣe ibùgbé. Ibi tí wọ́n kọ́lé sí ni agbo-ilé. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀ ni ìdílé. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni ojúlé, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń kọ “ojúlé kẹwàá” sínú àdírẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ka ilé, kó béèrè pé, “Bàbá, ojúlé mélòó ló wà nínú agbo-ilé yín?” Bó bá jẹ́ ènìyàn ló fẹ́ kà, kó ní, “Ẹni mélòó ló ń sùn ní ojúlé yìí?” Bí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹnì kan á ka ogún, ẹlòmíràn á ka igba, ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń kà.

Orúkọ ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń kọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń pè é ní “ètò ìlú.” Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ètò ìlú. Òun ló ń sọ ibi tí ilé gbígbé, ọjà àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yóò wà, òfin ló sì ń tì í lẹ́yìn, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 1992. Iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilé náà tún dá dúró. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí ti jáde. Ní 1956, ayàwòrán ilé kan, José Luis Sert, pe àwọn onímọ̀ jọ sí Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó di 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àyè tó wà láàrin ilé sí ilé ló jẹ ẹ́ lógún: bí òpópó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti rí ibòòji, ibi tí ọmọdé yóò ti ṣeré, ibi tí arúgbó yóò jókòó sí.

Ọnà ìlú ni mo fara mọ́ pé ká máa pè é. Ọnà ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi ọgbọ́n àti ojú inú ṣe kó lè wuni: ọnà ara igbá, ọnà ara ilẹ̀kùn. Ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ ọnà yìí; ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹni tó bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo yóò sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tó ń da ọ̀dà sí títì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá àti yàrà. Yàrá là ń sùn sí. Yàrà ni kòtò gígùn tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun, erùpẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ odi. Erédò Súngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, yàrà àti odi ni. Odi ni ti ìlú, ògiri ni ti ilé. Ẹni tó bá kọ “ògiri Ọ̀yọ́ Ilé” ti sọ odindi ìlú di ilé ẹnì kan.

Ní ti ọ̀nà, kí a má fi títì pe gbogbo rẹ̀. Títì ni èyí tí ọkọ̀ ń rìn. Òpópó tàbí pópó ni ọ̀nà gbòòrò láàrin ìlú. Ní erékùṣù Èkó, ó ti di orúkọ àdúgbò, bíi Pópó Àgùdà tí àwọn tó ti Brazil dé tẹ̀ dó. Oríta ni ibi tí ọ̀nà ti pàdé, bí Oríta Mẹ́fà n'Ìbàdàn. Ìyànà ni ibi tí a ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá lọ síbì kan: Ìyànà Ìpájà ni a ti ń yà sí Ìpájà.

Ojúde ni iwájú ilé. Ti ọba ló tóbi jù, nítorí ibẹ̀ ni ìlú ti ń pàdé ọba. Ayẹyẹ Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe n'Íjẹ̀bú Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, orúkọ àyè náà ló ń jẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀yìn ilé. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní “àyè gbangba” ti da ti ọba pọ̀ mọ́ ti onílé.

Ẹ má gbàgbé omi. Àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Omíyalé ni à ń pe omi nígbà tó bá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tó yà wọ ilé onílé, bí odò Ògùnpa ti ṣe n'Ìbàdàn ní 1980. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀nà tí onílé fi ń kọ̀ fún un, gọ́tà tó gba omi àti àlàfo láàrin ilé sí ilé, ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ìlú mọ̀ dunjú.

Ó ku ti oyè. À ń gboyè ní yunifásítì, à ń joyè láàfin. Ẹni tó gboyè kejì kò tíì di Ọ̀mọ̀wé. Oyè kẹta ló ń sọni di bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ lọ́wọ́, orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pe ibi kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ sára àwòrán yín, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Àwòrán tí onílé ò bá orúkọ ojúde rẹ̀ lára rẹ̀ kò tíì parí.