Ẹ̀KỌ́: ARỌ NÍDÌÍ TÁBÌLÌ ỌBA
Kíkà: 2 Samuẹli 9

Ẹ̀yin ará, Ìkàrẹ́ ni a bí Bàbá Aládùúrà Mose Orímọ́ládé sí. Kò lè rìn nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó sì dìde tán, títiro ló ń tiro. Síbẹ̀ Olúwa lò ó láti dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Olúwa ò dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ó tọ́ tán kó tó rán an níṣẹ́. Kí ló dé tí àwa fi ń dúró?

Ẹ wo ohun tí Dáfídì ṣe fún Mẹfiboṣẹti:

1. Ó bọ̀wọ̀ fún un. Ìdí tábìlì ọba ló jókòó sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà.

2. Ó dá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà fún un. Siba, àwọn ọmọ rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ 20 ló ń bá a ro ó. Sààráà òní, oúnjẹ òní ni. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ìránṣọ tí a ń fọwọ́ yí lè bọ́ arọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

3. Ó mú kí wọ́n lọ gbé e wá. Òkè pọ̀ ní Ọ̀kà, kẹ̀kẹ́ arọ ò sì lè gun àtẹ̀gùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà fún aláàbọ̀ ara. Ọdún náà ti pé. Ilé Olúwa ńkọ́?

Ìbéèrè: Arọ wo ló wà ládùúgbò rẹ? Ǹjẹ́ o ti bi í léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe?

Kí Olúwa ṣí wa lójú. Àmín.